Ọ̀dọ̀ Ìyá Bénie

Nígbà tí ìyá Ràfíátù kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣakí, Balqees ọmọ Ràfíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ ni. Ìyá àgbà náà wá sí Kútọnu láti wẹ ọmọ, ó sì dúró ju bí ó ti ṣèlérí lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí iṣẹ́ sí Lẹ́bánónì, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò mójú tó wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ, ó pọn Balqees títí ọkọ̀ fi dé. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí Ràfíátù má bínú, pé ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun.

Abọ́ àti ìkòkò ni Ràfíátù ń tà ní ọjà Dantokpa. Ekpè ni wọ́n ń gbé, lójú ọ̀nà etíkun tó lọ sí Sèmè, nítorí ilé ibẹ̀ kò wọ́n bíi ti àárín ìlú. Háàrúnà ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti èbúté lọ sí Malanville lókè lọ́hùn-ún, bí ó bá sì ti gbéra, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó fojú kan ilé. Bí ó bá dé, yóò sùn, yóò bá ọmọ ṣeré díẹ̀, yóò tún lọ. Ràfíátù kò bá a jà sí i. Ọ̀nà oúnjẹ wọn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń gbé ọmọ lọ sọ́jà. Ó ń tẹ́ aṣọ sábẹ́ tábìlì bí àwọn obìnrin tó kù ti ń ṣe, ì báà ṣe Fọ̀n, ì báà ṣe Ègùn, ì báà ṣe Yorùbá. Àwọn ọmọ tiwọn ń sùn nínú ariwo, wọ́n ń jí, wọ́n ń rákò láàárín ẹrù. Balqees ní tirẹ̀ kò gbà á. Eruku àti èéfín wọ̀ ọ́ láyà, ó ń wúkọ́ títí ó fi ń bì, obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn sì sọ fún Ràfíátù pé kí ó má gbé e débẹ̀ mọ́.

Ó lọ wo ilé kan ní Akpakpa níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ibẹ̀ mọ́, ó tutù. Ṣùgbọ́n ago márùn-ún ni wọ́n ń tì í, wọn kì í sì í ṣí i ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Sátidé sì ni ọjà ń gbóná jù. Fàdílátù, aládùúgbò rẹ̀, sọ fún un pé kí ló ń ṣe tó ń da ara rẹ̀ láàmú, kí ó mú ọmọbìnrin kékeré kan wá láti abúlé, ṣebí ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Ràfíátù ní òun yóò kúkú ti ìsọ̀ òun pa. Òun fúnra rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí wọ́n fi í fún àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn láti máa bá a gbé ọmọ. Ó pọn ọmọ náà títí àyà fi ń dùn ún. Ojú fèrèsé ló ti máa ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ìwé, gbogbo ìwé tí òun náà sì kà kò kọjá kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀.

Fàdílátù kò bá a jiyàn. Ní ọjọ́ kejì, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Bénie.

Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Victoire ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Àgùdà ni láti Àjàṣẹ́ nítòsí ibẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ti fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé. Yorùbá rẹ̀ ní ìró Ègùn nínú, bí ọ̀rọ̀ bá sì dùn mọ́ ọn, a bọ́ sínú Faransé láìmọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Bénie, wà ní ìlú Faransé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó.

Ó gba Balqees lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbóòórùn orí rẹ̀. Kò bèèrè iye tí wọn yóò máa fún òun. Ohun tó bèèrè ni pé kí ló máa ń mú ọmọ náà sunkún. Ràfíátù ní kò fẹ́ràn kí wọ́n da omi sí i lórí lójijì.

Ìyá Bénie ní, "Ó dára. Bí èèyàn bá ti mọ ìyẹn, ó ti mọ ọmọ dé ààbọ̀."

Báyìí ni Balqees di ọmọ ọ̀dọ̀ Ìyá Bénie. Ago méje àárọ̀ ni Ràfíátù ń gbé e lọ, ago márùn-ún ààbọ̀ tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó ń lọ mú un. Ikọ́ náà lọ. Ọmọ náà sanra, ó rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó sì ń pe ìyá àgbà náà ní Mẹ́mẹ́, bí àwọn ọmọ tó ń sọ Faransé ti ń pe ìyá àgbà wọn. Ìgbà kan wà tí Háàrúnà dé láti ìrìn-àjò, tó gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, tí ọmọ náà fi ọwọ́ kan iwájú orí, ó fi kan àyà, ó fi kan èjìká méjèèjì, bí àwọn Kátólíìkì ti ń ṣe. Inú bí Háàrúnà. Nígbà tí Ràfíátù fi ìtìjú sọ ọ́ fún Ìyá Bénie, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ń wo òun ni. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá gbé abọ́ ọmọ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a sọ fún un pé kí ó wí bísímílà. Ó ní àwọn tó wà nílé bàbá òun ní Àjàṣẹ́, ìdajì wọn ló ń kírun.

Ní ọjọ́ Àìkú, Bénie a máa pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn. Ìgbà mìíràn wà tí Ràfíátù bá a níbẹ̀. Bénie a máa sọ nípa Francisco ọmọ rẹ̀: bí ó ti jẹ́ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí òun fi ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé, pé bí òun bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ojú ni wọ́n fi ń bá òun wí, pé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ òun bá bọ́ sí alẹ́, obìnrin ará Màlì kan ló ń sùn ti ọmọ náà. Ìyá Bénie a mi orí. Lẹ́yìn tó bá ti pa fóònù, a gbé Balqees ka itan.

Ó sọ fún Ràfíátù lẹ́ẹ̀kan pé, "Wò ó, ọmọ mi ń gbọ́ ti ìyá ẹlòmíràn. Ará Màlì ń gbọ́ ti ọmọ ọmọ mi. Èmi ń gbọ́ ti ọmọ tìrẹ. Ta ló wá ń gbọ́ ti ọmọ ará Màlì yẹn?"

Ràfíátù kò ronú sí i jù, nítorí ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tí Balqees ń sún mọ́ ọdún méjì ààbọ̀, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ọjọ́ kan, iyọ̀ ló wà nínú ògì ọmọ dípò ṣúgà. Ọjọ́ mìíràn, Ràfíátù bá ọmọ nínú omi, ìyá àgbà ń wẹ̀ ẹ́, Fàdílátù tó ń kọjá sì sọ pé ìgbà kẹta tí òun yóò rí i nínú omi lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìyá Bénie bẹ̀rẹ̀ sí pe Balqees ní Bénie. Ràfíátù rò pé àgbà ni. Ta ni àgbà tí kì í ṣi orúkọ ọmọ pè? Ìyá tirẹ̀ náà, kí ó tó dé orí orúkọ ẹni tó ń wá, yóò ti pe gbogbo ilé tán.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó kí Ìyá Bénie lórí ìkúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Obìnrin náà dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó na ọwọ́ gba ọmọ, ó wo ojú Ràfíátù fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Ta ni ìyá ọmọ yìí?"

Ràfíátù dúró. Ìyá Bénie náà dúró, ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara bí ojú ẹni tó béèrè ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ gbá Ràfíátù léjìká, ó ní kí ó máa lọ, ọjà ń dúró dè é. Ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémijàn níbẹ̀, ti ń fọn fèrè lójú ọ̀nà. Àwọn oníbàárà láti Niamey yóò wá kó abọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti tó oṣù kan tó ti ń retí wọn. Ràfíátù wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ìyá Bénie, ó sì gun ọ̀kadà náà lọ.

Ó ronú sí i ní gbogbo ọjọ́ yẹn, nígbà tó ń di abọ́ nínú páálí. Ó ronú pé kí òun pe Bénie. Ó tilẹ̀ ní nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Bénie yóò wá, tàbí kí ó rán ẹnì kan wá, wọn yóò mú ìyá àgbà lọ, òun yóò sì padà sí ìdí iṣẹ́ wíwá ẹni tí yóò mú ọmọ. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, ìyẹn ní òun kò lè fi àwọn ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́, kí ó gbé Balqees wá. Ràfíátù ní òun yóò ronú sí i. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń se oúnjẹ ọmọ láti ilé, ó sì bẹ Fàdílátù pé kí ó máa yọjú síbẹ̀ bí ó bá rántí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ràfíátù dé láti ọjà ní nǹkan bí ago márùn-ún ààbọ̀. Ilẹ̀kùn Ìyá Bénie ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkòkò wà lórí gáàsì, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di èédú. Ó pa iná, ó pe orúkọ, ó wọ yàrá, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Fàdílátù kò sí nílé láti àárọ̀. Àwọn ará àdúgbò tó bi léèrè kò rí wọn. Ìró òkun, tí ó ti pẹ́ tí kì í kíyè sí mọ́, ni ó wá ń gbọ́. Ó sáré lọ sí etí omi, ó ń wo iyanrìn bóyá yóò rí ẹsẹ̀ ọmọdé. Ẹsẹ̀ àwọn apẹja ló pọ̀ níbẹ̀. Ó pe Háàrúnà. Ọkọ rẹ̀ wà ní Parakú, ó sì ń bi í léraléra pé báwo ni ọmọ ṣe lè sọnù lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Nígbà tí ó padà sójú ọ̀nà, zémijàn kan dúró níwájú ilé, Ìyá Bénie sọ̀ kalẹ̀. Òun nìkan ni. Ó wọ bàtà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Ràfíátù di í mú ní apá méjèèjì, ó bi í pé Balqees dà. Obìnrin náà wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

Ó ní, "Mo ti mú Bénie lọ sílé ìwé. Wọn kò tíì jáde."

Ràfíátù bi í pé ilé ìwé wo. Ó dárúkọ ilé ìwé àwọn sísítà kan ní Akpakpa. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wà níbẹ̀ ní ilé ìwé náà ti kógbá wọlé láti ogún ọdún sẹ́yìn, pé táyà ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí.

Alùpùpù tó gbé ìyá àgbà wá náà ló gbé Ràfíátù lọ. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ ṣú nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ọlọ́dẹ ilé táyà náà sọ pé nígbà tí òun dé sí iṣẹ́ ní ago mẹ́rin ọ̀sán, òun bá ọmọ kan lẹ́bàá géètì, nínú oòrùn, tó di irin géètì náà mú. Òun kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Òun bi í ní orúkọ, ohùn rẹ̀ ti há, kò lè dáhùn. Òun fún un lómi, òun sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní àgọ́ náà, Balqees jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì ti bó nítorí ilẹ̀ gbígbóná. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, kò sunkún, kò sì dìde. Ó kàn gbójú sókè wò ó. Ọlọ́pàá tó wà lórí àga gbé ìwé síwájú, ó bèèrè ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ fún, ó bèèrè bóyá nǹkan kan ń ṣe obìnrin náà, bóyá ó ti ṣe irú èyí rí. Ràfíátù ní rárá. Ó ní òun kò rí ohunkóhun rí. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Háàrúnà dé ní ọjọ́ kejì. Ó gbé ọmọ, kò sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá, ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ó mọ̀ pé orí obìnrin yẹn ti ń dàrú? Ràfíátù ní òun kò mọ̀. Háàrúnà gbà á gbọ́. Ó bú Ìyá Bénie títí ohùn rẹ̀ fi lọ, ó sì ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ láéláé.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Balqees kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó dun Ràfíátù jù ni pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ náà a gbé báàgì rẹ̀ kékeré, a lọ dúró sídìí ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì tún jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Mẹ́mẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni Bénie dé láti ìlú Faransé. Háàrúnà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bénie wá kí Ràfíátù nílé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ràfíátù gbé e dìde. Wọ́n jọ lọ sí ilé ìyá rẹ̀ láti di ẹrù, nítorí Bénie ti rí àyè ní ilé kan ní ọ̀nà Wídà tí àwọn sísítà ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìyá Bénie jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Nígbà tó yá, oorun gbé e lọ.

Bénie ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń ká.

"Ìyá Balqees, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ràfíátù ti purọ́ fún ọlọ́pàá, ó ti purọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò wá sí i lẹ́nu.

"Mo mọ̀, àǹtí. Ó tó oṣù mẹ́ta."

"Kí ló dé tí ẹ kò pè mí?"

"Bí mo bá pè yín, ẹ ó mú wọn lọ. Mi ò ní ẹlòmíràn tí yóò bá mi mú ọmọ."

Bénie ká aṣọ náà tán, ó tún tú u.

"Èmi náà mọ̀. Tèmi ti lé ní ọdún kan. Wọ́n fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí lórí fóònù, wọ́n sì bi mí pé ṣé mo ti jẹun kí n tó lọ sílé ìwé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, Ìyá Balqees. Àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Ó yẹ kí n wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé màmá kò dá wà, pé ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, ẹnì kan yóò rí i." Ó fi aṣọ náà sínú àpótí. "Ọmọ yín ni mo fi ń ṣọ́ ìyá mi."

Ràfíátù fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó rántí àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó jókòó sórí ibùsùn láàárín àwọn aṣọ, Bénie náà jókòó. Kò sí ẹni tó bẹ ẹnì kejì mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n di àpótí tó kù.

Ìyá Bénie lọ sí Wídà ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Háàrúnà ní kí wọ́n gbé Balqees lọ sí Ṣakí. Ràfíátù kò jiyàn, nítorí kò rí ohun tí yóò fi jiyàn. Ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó lọ nígbà tí ọmọ bá ń sùn lọ́sàn-án, kí ẹkún má baà pọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí wọ́n ti ń ṣeré lẹ́yìn ilé, kò sì gbọ́ ti Balqees.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Lórí fóònù, ọmọ náà ń sọ Yorùbá Ṣakí ketekete, ó ti gbàgbé Faransé, ó ti gbàgbé Ègùn, bí wọ́n bá sì ní kí ó kí màmá, a kí i kíákíá, a sì sá padà sí eré. Àwọn oníbàárà Niamey bèèrè ọmọ lọ́wọ́ Ràfíátù nígbà tí wọ́n tún wá. Ó ní ó wà ní àlàáfíà, ọ̀dọ̀ ìyá òun ló wà. Ìsọ̀ rẹ̀ ti tóbi sí i. Kò sí ohun tó tún ń mú un sáré kúrò lọ́jà ní ago márùn-ún.

Bí Háàrúnà bá wà nílé, tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá délẹ̀, kì í pẹ́ kí ó tó kan Ìyá Bénie, èébú ló sì máa ń tẹ̀lé orúkọ náà. Ó ní arúgbó burúkú ni, ó ní obìnrin náà mọ̀ pé orí ara rẹ̀ ti dàrú, ó sì dákẹ́ sí i nítorí ohun tí yóò jẹ. Ràfíátù máa ń dìde, a lọ bu omi tútù wá fún un, a sì dúró títí yóò fi mu ún tán.